Ìtàn Ẹjọ́ Ìbanilórúkọjẹ́ Tí Àwọn Alágbára Fi Ń Pa Akọ̀ròyìn Lẹ́nu Mọ́

Ohun tó mú mi kó ìtàn yìí jọ ni pé kò sí ibì kan ṣoṣo tí èèyàn ti lè rí i kà. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìtàn, èyí tó kù wà lẹ́nu àwọn àgbà oníròyìn tí wọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tún kó wọn jọ tán, ọ̀rọ̀ wọn kì í dọ́gba. Ẹnì kan á ní ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi kan Herbert Macaulay ní ọdún 1928, ẹlòmíràn á ní ìbanilórúkọjẹ́ ni. Ẹnì kan á ka Òfin Kẹrin tí àwọn ológun ṣe ní ọdún 1984 mọ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́, ẹlòmíràn á ní ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àwọn ará Èkó nìkan. Ní Aráròmí-Obù níhìn-ín, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ohun tí a fẹ́ kí oníròyìn bá wa wádìí kò kéré: oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ, ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ìdílé, igbó ọba tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wà nínú rẹ̀, ọ̀nà Èkó sí Benin tó gba Orè kọjá. Ṣàṣà ni èyí tí kò ní olówó tàbí olóyè kan nídìí nínú wọn, olówó tàbí olóyè náà sì ní agbẹjọ́rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, torí pé bí àwọn tó kọ̀wé ṣáájú ṣe ń pa wọ́n pọ̀ ló dá rúdurùdu yìí sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ láàárín ẹni méjì: ẹni tó ní wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́ á gba agbẹjọ́rò, á ní kí ilé-ẹjọ́ bá òun gba owó gbà-má-bínú. Kò sẹ́ni tó ń tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Èkejì ni ìbanilórúkọjẹ́ tí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kà sí ẹ̀ṣẹ̀: ọlọ́pàá ló ń mú èèyàn fún un, ìjọba ló ń pẹjọ́, apá 375 ìwé òfin náà sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i, ọdún méjì bí ẹni tó kọ ọ́ bá mọ̀ pé irọ́ lòun ń kọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, níbi tó ti jẹ́ pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà pa lára. Òyìnbó amúnisìn lo ẹ̀kẹta jù. Ológun ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn olówó àti olóṣèlú ayé ìsinsìnyí ń lo àkọ́kọ́ àti èkejì, ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n ń lo méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun kan wà nínú ti àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Olùpẹ̀jọ́ kò ní láti fi hàn pé irọ́ ni wọ́n kọ. Bó bá ti lè fi hàn pé wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, pé òun ni wọ́n ń bá wí, àti pé ó tàbùkù òun lójú ọmọlúàbí, ẹrù ti bọ́ sọ́rùn oníwèé ìròyìn. Oníwèé ìròyìn ni yóò wá ẹlẹ́rìí tí kò ní bẹ̀rù, òun ni yóò wá ìwé tó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ yí èyí padà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní oṣù kẹta ọdún 1964. Sullivan, kọmíṣánnà kan ní ìlú Montgomery, ti gba ìdájọ́ $500,000 lórí ìwé ìròyìn New York Times torí ìpolówó kan tó sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ilé-ẹjọ́ fagi lé e, ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ gba owó gbọ́dọ̀ fi hàn pé oníwèé ìròyìn mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Ìlànà yìí kò tíì di tiwa ní Nàìjíríà. Ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ la ṣì ń lò.

Ẹni tí kò bá tíì rí lẹ́tà agbẹjọ́rò rí lè rò pé ilé-ẹjọ́ ni nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Mo ti rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tẹ ìwé ìròyìn olójú ewé mẹ́jọ jáde lágbègbè wa. Ìwé náà nípọn, orúkọ agbẹjọ́rò mẹ́rìnlá wà lẹ́bàá rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ láàárín ọjọ́ méje, kó tẹ ẹ̀bẹ̀ sínú ìwé ìròyìn méjì tó ń káàkiri orílẹ̀-èdè, kó sì mú owó tí gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú ilé tó wà nínú rẹ̀ kò tó. Owó tí yóò fi tẹ ẹ̀bẹ̀ sínú ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè méjì nìkan ju èrè ọdún kan lọ fún un. Kò sí ẹjọ́ kankan tó dé kóòtù. Ó dákẹ́, kò sì kọ̀wé mọ́ lórí ilẹ̀ náà. Irú ìdákẹ́jẹ́ báyìí kì í wọ inú àkójọ ìdájọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ń kà, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá fi àkójọ ìdájọ́ nìkan kọ ìtàn yìí yóò fi sọ pé ìṣòro náà kéré.

Ìwé ìròyìn ti wà nílẹ̀ Yorùbá láti 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.   Láàárín ìgbà yẹn sí òpin ọ̀rúndún náà, àwọn ìwé ìròyìn Èkó ń bú gómìnà, wọ́n ń bú ara wọn, ìjọba sì ń dijú.

Ọdún 1903 ni ojú là. Gómìnà William MacGregor gbé òfin ìwé ìròyìn wá sí Èkó, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìdógò £250 pẹ̀lú onídùúró. Ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ló yẹ ká wò dáadáa: kí owó lè wà nílẹ̀ tí wọn yóò rí gbà bí oníwèé ìròyìn bá jẹ̀bi ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tàbí ẹjọ́ ọ̀tẹ̀. Àwọn òpìtàn máa ń yára kọjá lórí òfin yìí kí wọ́n lè dé ti 1909. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Òfin 1903 ni ibi àkọ́kọ́ tí ìjọba ti fi owó ṣe ìdènà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. £250 nígbà yẹn, ọmọ olówó nìkan ló lè rí i. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, ta kò ó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì kọjá lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1909, lábẹ́ Gómìnà Walter Egerton, òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ wọlé. Ẹni tí òfin náà kọ́kọ́ mú dáadáa ni James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, arúgbó tó ti lo ìgbésí ayé rẹ̀ nídìí ìwé kíkọ. Ó kọ̀wé ta ko ìṣàkóso Gómìnà-Àgbà Lugard nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní 1916. Ọdún yẹn náà ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gbogbo Nàìjíríà jáde, ó gba ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ mọ́ra, ó sì fi ìbanilórúkọjẹ́ sí orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti apá 373 lọ ni orí yẹn wà. Òun náà ni ọlọ́pàá ṣì ń ṣí wò lónìí, lẹ́yìn ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ní 1925, Thomas Horatio Jackson ti Lagos Weekly Record ṣẹ̀wọ̀n torí pé ó kọ̀wé bẹnu àtẹ́ lu àwọn adájọ́. Títàbùkù ilé-ẹjọ́ ni ẹ̀sùn tirẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹjọ́ Macaulay. Ní 1928, Lagos Daily News, tí Herbert Macaulay àti Dókítà J. Akilade Caulcrick jọ ni, gbé àhesọ kan jáde pé wọ́n ń gbèrò láti pa Ẹ̀lẹ́kọ̀ó Èṣùgbàyí, ọba Èkó tí ìjọba ti rọ̀ lóyè ní 1925 tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́. Ìjọba gbé wọn lọ sí kóòtù. Macaulay ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti pínyà ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Àwọn tó kọ ọ́ pé ọ̀tẹ̀ ni ń wo ẹni tó ń bínú, ìyẹn ìjọba, àti bí ọ̀rọ̀ Ẹ̀lẹ́kọ̀ó ṣe gbóná nígbà yẹn. Àwọn tó kọ ọ́ pé ìbanilórúkọjẹ́ ọ̀daràn ni ń wo ohun tí àhesọ náà sọ, pé ó tọ́ka sí àwọn kan bí ẹni pé apààyàn ni wọ́n. Lójú tèmi, àwọn kejì ló súnmọ́ òótọ́, torí pé láti sọ pé ẹnì kan fẹ́ pa ọba kò di ọ̀tẹ̀ sí ìjọba àyàfi bí ìjọba bá gbà pé òun ni ẹni náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bó bá jẹ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni, a jẹ́ pé láti 1928 ni ìjọba ti mọ̀ pé òun lè fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ rere ẹlòmíràn láti fi ti alátakò rẹ̀ mọ́lé, láìpe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ìlànà yẹn kan náà ni a óò tún bá pàdé ní Ìlọrin àti ní Adó-Èkìtì.

Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Ẹlẹ́tí Ọfẹ ti Akíntàn ní 1923, Akéde Èkó ti Isaac Thomas lẹ́yìn wọn, mọ bí wọ́n ṣe ń rìn láàárín ẹ̀gún. Orúkọ àdàpè pọ̀ nínú wọn. Òwe ń ṣiṣẹ́ tí orúkọ èèyàn ì bá ṣe. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá pàápàá, tó jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 àti 1930, bí lẹ́tà obìnrin kan tó ń fi orúkọ àdàpè kọ̀wé ló ṣe jáde, àwọn òǹkàwé sì gbà á gbọ́. Mo máa ń rò ó pé ìbẹ̀rù kóòtù ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n yẹn, ó sì sọ èdè ìwé ìròyìn Yorùbá di èdè tó dùn kà.

Lẹ́bàá wa ní Gold Coast, Nnamdi Azikiwe ń ṣe olóòtú African Morning Post. Ní 1936, àpilẹ̀kọ kan tí Wallace-Johnson, ọmọ Sierra Leone, kọ gbé àwọn méjèèjì dé kóòtù fún ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Azikiwe, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú u sílẹ̀ ní 1937. Ó padà sílé, ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún yẹn.

Láti ìgbà tí òṣèlú ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣáájú fúnra wọn di olùpẹ̀jọ́. Ilé ìtẹ̀wé Azikiwe, tí wọ́n ń pè ní Zik, àti Alvan Ikoku bára wọn dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1951, African Press tó ń tẹ Tribune ní Ìbàdàn àti Dókítà Ikejiani ní 1953. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kan ni, olóṣèlú ẹgbẹ́ kejì ni. Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà n kò kà á sí ìpanilẹ́numọ́.

Lẹ́yìn òmìnira, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 1961, nínú ẹjọ́ olóṣèlú Chike Obi lórí ìwé pélébé tó kọ, pé òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ kò ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ní 1964, ìjọba Balewa ṣe òfin ìwé ìròyìn tó sọ pé ẹni tó bá tẹ irọ́ jáde ti ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé irọ́ ni, àfi bó bá lè fi hàn pé òun ti wádìí dé ibi tó yẹ. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, torí pé ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ológun bí ọmọ rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó dojú ọ̀rọ̀ dé, mo sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn mọ̀ ọ́n. Ní oṣù keje ọdún 1973, Minere Amakiri ti Nigerian Observer kọ ìròyìn nípa ìkùnsínú àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ọjọ́ ìbí gómìnà, Diete-Spiff, ni ìròyìn náà bọ́ sí. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ gómìnà ní kí wọ́n mú un wá, wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n sì nà án ní pàṣán mẹ́rìnlélógún. Kò sí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kò sí ìwé ìpè. Amakiri ló gbé wọn lọ sí kóòtù, ilé-ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san ₦10,750 fún un. Nínú gbogbo ohun tí mo kó jọ, ṣàṣà ni irú èyí tí akọ̀ròyìn ti jẹ́ olùpẹ̀jọ́ tó sì borí.

Òfin Kẹrin ọdún 1984 ni gbogbo ayé mọ̀ jù, mo sì ní láti dúró lé e díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ní wọ́n ṣe é láti dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sùn irọ́. Ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn gbé e jáde ní oṣù kẹta. Bí ìròyìn bá ní irọ́ nínú níbi tó ṣe kókó, ẹ̀wọ̀n ni. Èyí tó le jù ni pé bí ìròyìn bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, tó bá ti sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni ẹ̀gàn tàbí ẹni yẹ̀yẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kò bọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, kọ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ rán gẹ́gẹ́ bí aṣojú Nàìjíríà sókè òkun. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tí Adájọ́ Olálérè Ayíndé darí dá wọn lẹ́bi ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1984: ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, ₦50,000 fún ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wọn. Òfin náà kò fi àyè gba kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ilé-ẹjọ́ gidi. Babangida fagi lé e ní 1985 nígbà tó gbàjọba.

Ṣé òfin ìbanilórúkọjẹ́ ni? Àwọn agbẹjọ́rò kan ń jà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjà yẹn kò ní láárí. Orúkọ ẹni ló ní òun ń dáàbò bò.

Ní 1983, ọdún kan ṣáájú Òfin Kẹrin, ohun rere kan ti ṣẹlẹ̀ tí ìbọn ológun bò mọ́lẹ̀. Arthur Nwankwo kọ ìwé lórí bí Gómìnà Jim Nwobodo ṣe ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ Anambra. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Ọ̀nìṣà dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un torí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu tú u sílẹ̀, ó sì ní òfin ọ̀tẹ̀ yẹn kò bá ẹ̀tọ́ sísọ èrò ọkàn ẹni mu nínú ìwé òfin 1979, pé gómìnà tó bá rí i pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́ lè gba kóòtù lọ gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni. Àwọn adájọ́ ti ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn alágbára gbà wọlé láti ìgbà yẹn. N kò dá àwọn adájọ́ náà lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ṣe tọ́ ní àkókò wọn.

Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó wa, rí i pé àwọn oníròyìn ń ṣubú sínú òfin tí wọn kò kà rí, ó sì gbé ìwé ńlá jáde ní 1987 lórí òfin ìbanilórúkọjẹ́ àti iṣẹ́ ìròyìn ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹjọ́ àtijọ́ tòótọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Láti 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà dé ni owó tí àwọn olùpẹ̀jọ́ ń béèrè ti ń gorí owó. Ní oṣù Kejìlá 2013, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà gbangba sí Ààrẹ Jonathan. Buruji Kaṣámù, olóṣèlú ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ní lẹ́tà náà ba òun lórúkọ jẹ́, ó sì ní kí wọ́n san ₦20 bílíọ̀nù. Ìgbà tó di oṣù Kejìlá 2014 tí Ọbásanjọ́ fẹ́ kó ìwé My Watch jáde, Adájọ́ Valentine Ashi ní Àbújá ní kó má tẹ̀ ẹ́ torí ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Wọ́n kó ìwé náà jáde ní Èkó ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ní ọjọ́ kejì, adájọ́ ní kí ọlọ́pàá, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS àti àwọn aṣọ́bodè kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Ààrẹ àná lẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí onílé ìtẹ̀wé kan ní Orè.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, nígbà ìdìbò 2015, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AIT gbé fíìmù ìròyìn kan sáfẹ́fẹ́ lórí Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú, tí wọ́n pè ní kìnnìún Bourdillon. Tinúbú ní irọ́ ni, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ₦150 bílíọ̀nù ní Ìkẹjà, ilé-ẹjọ́ sì ní kí wọ́n dáwọ́ fíìmù náà dúró ná. Ẹ̀tọ́ ni fún un láti dáàbò bo orúkọ rẹ̀, òye irú owó bẹ́ẹ̀ ni kò yé mi. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ kì í ṣe iye tí adájọ́ ń fúnni, agbẹjọ́rò kankan kò sì rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n àti àwọn báńkì tó ń yá a lówó ni nọ́ńbà yẹn ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2015 yẹn kan náà ni Jonathan fọwọ́ sí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Apá 24 rẹ̀ ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti fi bí ẹlòmíràn nínú tàbí láti fi dà á láàmú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦7 mílíọ̀nù. Ìwé òfin 1916 kò ju ọdún méjì lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ di mẹ́ta. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní kí Nàìjíríà tún apá yẹn ṣe ní 2022, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024, wọ́n dín fífẹ̀ rẹ̀ kù. Bí ọlọ́pàá ṣe ń lò ó kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ní Ìlọrin, ìròyìn kan tó jáde ní 2018 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìrẹsì kan tí wọ́n ń fa igbó lẹ́nu iṣẹ́ di ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ni ìwé ìròyìn News Digest, Gidado Yushau, àti Alfred Olufemi tó kọ ọ́ ń lọ síwá sẹ́yìn kóòtù májísíréètì títí di oṣù kejì 2023. Ìdájọ́ náà: ẹ̀wọ̀n oṣù márùn-ún tàbí ₦100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí owó náà ti kéré sí ti ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi ń wọ mọ́tò lọ sí kóòtù tí wọ́n sì ń sún ẹjọ́ síwájú. Kí adájọ́ tó lanu, ìyà náà ti jẹ wọ́n tán.

Ẹjọ́ tó mú kí àwọn tí kì í ka ìwé ìròyìn pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí ni ti Dele Farotimi. Agbẹjọ́rò ni, ó sì kọ ìwé kan ní 2024 lórí bí ìdájọ́ ọ̀daràn ṣe ń lọ ní Nàìjíríà, ó fi ẹ̀sùn ńlá kan Olóyè Afẹ́ Babalọlá, àgbà agbẹjọ́rò tó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, nípa ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní Èkó. Babalọlá ní irọ́ gbáà ni, ó kọ̀wé sí ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 2024, àwọn ọlọ́pàá Èkìtì wá sí Èkó, wọ́n gbé Farotimi lọ sí Adó-Èkìtì. Ní ọjọ́ kejì ó ti wà níwájú májísíréètì lórí ẹ̀sùn mẹ́rìndínlógún ti ìbanilórúkọjẹ́ ọ̀daràn. Wọ́n tún gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn méjìlá ti íntánẹ́ẹ̀tì. Béèlì ₦50 mílíọ̀nù ní ibi kan, ₦30 mílíọ̀nù ní ibi kejì. Ilé-ẹjọ́ gíga tún ní kò gbọ̀dọ̀ bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà ló jáde, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé rẹ̀ ń tà bí ẹni ń ta àkàrà.

Àríyànjiyàn tó yẹ ká fara balẹ̀ wò nínú rẹ̀ ni èyí tí agbẹjọ́rò Fẹ́mi Fálànà gbé dìde. Ó ní ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ ọ̀daràn kò sí mọ́ ní Èkìtì, torí pé ìpínlẹ̀ náà ti ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ní 2021 tí kò kó o mọ́ra, Èkó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ní 2011. Àwọn mìíràn ní bí òfin tuntun kò bá dárúkọ nǹkan, kò túmọ̀ sí pé ó pa á rẹ́. Èrò ti Fálànà ló dá mi lójú jù, nítorí ìwé òfin wa ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀. Kóòtù ì bá ti yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ní oṣù kìíní 2025, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì àti àwọn ọba mìíràn lọ bẹ Babalọlá ní Adó-Èkìtì, ó gbà, ó ní òun yóò jáwọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, májísíréètì wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣ'ọ̀rẹ́. Àwọn ọba gbìyànjú láti fi àṣà bo ibi tí òfin ti ya. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ ó dùn mí pé ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọba tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa kò dúró sójú kan. Ghana yọ ìbanilórúkọjẹ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ní 2001, Sierra Leone ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dá Lohé Issa Konaté, akọ̀ròyìn Burkina Faso, láre, ó ní fífi akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n torí ìbanilórúkọjẹ́ kò bá àdéhùn Áfíríkà mu. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tí Yorùbá pọ̀ sí, akọ̀ròyìn Ignace Sossou ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà láti òpin 2019 torí ó fi ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba kan sórí Twitter. Ní Togo, ilé-ẹjọ́ ní Lomé ní kí ìwé ìròyìn L'Alternative àti olóòtú rẹ̀, Ferdinand Ayité, san mílíọ̀nù mẹ́rin sẹ́fà ní 2020 lórí ìròyìn wọn nípa owó epo. Ní South Africa, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà ní 2022 pé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lè sọ pé ìpanilẹ́numọ́ ni ẹjọ́ náà, kí adájọ́ sì wò ó bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà kò ní irú òfin yẹn.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, díẹ̀ ni mo lè kọ, torí pé wọ́n ṣì wà níwájú adájọ́ nígbà tí mo ń kó ìtàn yìí jọ. Ní 2024, wọ́n gbé akọ̀ròyìn mẹ́rin lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Èkó lórí ohun tí wọ́n kọ nípa olórí ilé-iṣẹ́ tó ni GTBank. Lọ́dún náà, àwọn òṣìṣẹ́ DSS méjì pe ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP lẹ́jọ́ ₦5 bílíọ̀nù. Ní 2025, DSS fi ẹ̀sùn kan Ọmọ́yẹlé Ṣóworẹ́, ọmọ Kiribo lágbègbè wa, olùdásílẹ̀ Sahara Reporters, lórí ọ̀rọ̀ tó kọ nípa Ààrẹ Tinúbú sórí X. Ilé-ẹjọ́ ní Àbújá ni wọ́n gbé tirẹ̀ lọ.